Ìbéèrè Mọ́kànlélógójì

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, mo kọ "kò yege" sí iwájú orúkọ àbúrò mi. Bíírò dúdú ni mo fi kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yá mi ní bíírò náà, torí tèmi ti gbẹ.

Ìdánwò ìrìbọmi ni. Ìbéèrè mọ́kànlélógójì ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní ìjọ wa, ó sì gbọ́dọ̀ gba márùndínlógójì. Àbúrò mi gba méjìlélógún. Nígbà tí mo ní kó dárúkọ àwọn àpọ́sítélì méjìlá, ó dárúkọ mẹ́sàn-án, ó wá ń wo òrùlé.

"Ó ku mẹ́ta," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn mẹ́ta yẹn, ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú Ìwé Mímọ́?"

"Rárá."

"Ẹ ò rí i? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn ò ní bínú sí mi."

Nọ́ọ̀sì tí òun náà wá ṣe ìdánwò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Púlọ́ńbà ni àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló tíì lò nínú ìjọ wa, kò sì pa ìsìn kan jẹ rí. Bí a bá ń kọrin, tí ó bá gbé ohùn sókè, gíláàsì ojú fèrèsé a máa gbọ̀n. Bí ẹnì kan bá ń gbàdúrà, kí onítọ̀hún tó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àmín, àbúrò mi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bùrọ̀dá Àmín ni àwọn ọmọdé ìjọ ń pè é, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Tíṣà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà kọ́ ni mò ń ṣe. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà níbẹ̀. Mo mọ iye aṣọ ibùsùn tí kẹ̀kẹ́ kan tí a fi ń kó aṣọ ń gbà: ọgọ́ta. Mo mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìlọṣọ jó ìka ọwọ́ òsì mi méjì: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kí a tó jẹun ọ̀sán. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó mọ̀wé kà. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ ọ, fún ọdún mẹ́rin, nínú yàrá kan tó ní gílóòbù méjì tí ọ̀kan sì ti kú. Abẹ́ èyí tó kú ni wọ́n fi mí sí. Ní ọdún kejì mo bẹ tíṣà wa pé kí n súnmọ́ iwájú díẹ̀, ó ní kálukú ti ní ààyè tirẹ̀. Mo gbà. Mo kàn ń gbé ìwé mi sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án ni, ọwọ́ a sì máa ro mí títí di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, nígbà tí mo wá lè ka Ìwé Mímọ́ fúnra mi, n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo ti kọ kún. Ọdún kọkànlá nìyí tí ìjọ ti fi kíláàsì ìrìbọmi lé mi lọ́wọ́.

Ìbéèrè méjìlá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kejì, ọkùnrin kan tí a ti ṣe ìrìbọmi fún kò wá sí ìjọ mọ́. Mo ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo ní ká ní ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, kì bá tí lọ. Mo fi ìbéèrè mẹ́ta kún méjìlá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya kan tún lọ, mo fi márùn-ún kún un. Báyìí ni mo ṣe ń fi kún un títí tó fi di mọ́kànlélógójì. Ẹnikẹ́ni kò bá mi jiyàn. Pásítọ̀ wa, àgbà káfíńtà tí kì í gbé ohùn sókè, a wo ìwé náà lọ́dọọdún, a ní, "Tíṣà, ó ti gùn díẹ̀ sí i o," a sì dá a padà fún mi.

Ní ọdún tó kọjá, èèyàn mẹ́rin wọ kíláàsì, kò sí ẹnì kan tó yege. Ní ọdún yìí, méjì péré ló wọ̀ ọ́: nọ́ọ̀sì yẹn, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ láti ilé ìwòsàn wa, tó gba mọ́kàndínlógójì, àti àbúrò mi.

Mo ti rò pé yóò bínú. Àbúrò mi tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹni tó sọ sípánà mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀ torí pé ìyàwó rẹ̀ ní kó rọra sọ̀rọ̀. Ojú ihò náà ṣì wà lára ògiri dòní. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ó kàn wo ohun tí mo kọ, ó wò ó pẹ́.

"Ìrìbọmi tèmi kì í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi yìí mọ́ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kì í ṣe èyí. Bóyá ọdún tó ń bọ̀."

"Ọdún tó ń bọ̀." Ó dìde, ó rọra ti àga padà sí àyè rẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó jáde, kò kọrin lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ. Kì í wá síbẹ̀. Ó dúró sí ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ aṣọ ń gbà kọjá, ó ń fà sẹ́yìn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo wá bá yín níbi iṣẹ́."

"Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Kò jẹun láti àná. Kò sì pariwo. Mo ní kó pariwo, ó ní kò sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n, ilé tí ọkọ mi ò ti pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Oṣù mẹ́jọ yìí, mi ò rí kí nǹkan fò nínú ilé wa. Ó ń kí mi kó tó jáde. Lánàá ó ní bóyá irú nǹkan báyìí kì í ṣe fún irú òun, pé fún àwọn tó mọ̀wé ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ yí ohun tẹ́ ẹ kọ padà o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Lọ́jọ́ yẹn mo ṣì iye aṣọ kà nínú kẹ̀kẹ́ méjì, nǹkan tí n kò ṣe rí láti ọdún kẹta mi níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, Pásítọ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé wá kíákíá, omi ti wọ ibẹ̀.

Mo bá àbúrò mi lórí ìkúnlẹ̀ nínú adágún ìrìbọmi wa. Kì í ṣe àdúrà ló ń gbà. Ìdí ihò tí omi ń gbà jáde ló ń wò. Adágún náà jẹ́ kòtò onígun mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ táìlì búlúù sí. Abẹ́ pákó pèpéle ló wà. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ó ṣí pákó náà kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Pásítọ̀ da omi sí i láti dán an wò fún ìrìbọmi nọ́ọ̀sì, ó rí i pé ó ń jò, ó sì ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Àbúrò mi tí a kò gbà sínú omi náà, ó ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, kò tilẹ̀ yà sílé. Ó pààrọ̀ rọ́bà tó wà létí ihò náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó da omi kún un dé ẹnu lójú ẹsẹ̀, ó lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo omi ti gba abẹ́ ògiri lọ sí yàrá ìwé.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí láìgbójú sókè. "Mo ti ba nǹkan jẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Gọ́ọ̀mù tuntun ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí irú rẹ̀ láyé."

"Kí ni wọ́n kọ sí i lára?"

"Wọ́n kọ nǹkan sí i lára?"

Mo gba gọ́ọ̀mù náà, mo wá awò ojú mi jáde. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. "Ó ní kí ibi tó o fẹ́ lẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ dáadáa. Ó ní kí omi má kàn án fún wákàtí méjìlá." Mo bọ́ awò náà. "Wákàtí mélòó lo fún un?"

"Ṣé kí n sọ òótọ́?"

"Sọ òótọ́."

"Orin méjì. Ṣùgbọ́n orin gígùn ni méjèèjì. Mo ní kí n fi tu ara mi nínú."

Pásítọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yí ojú sí ògiri. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Àbúrò mi fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àná kúrò. Lẹ́yìn náà ó mú rọ́bà àtijọ́ tó yọ kúrò, ó nà án sí wa. Ó ti là káàkiri bí ẹsẹ̀ tó sán. "Ẹ wò ó, Pásítọ̀. Ọdún mélòó ni wọ́n ti fi èyí síbẹ̀?"

"Kò ju mẹ́rin lọ."

"Kò yẹ kó ti bàjẹ́. Rọ́bà tó bá ń rí omi lóòrèkóòrè kì í ṣe báyìí. Gbígbẹ ló pa á. Ìgbà wo la lo ibí yìí kẹ́yìn?"

Pásítọ̀ gbé ojú kúrò lára rọ́bà náà. Ó wò mí, kò sì wò mí ní ìwò burúkú.

"Oṣù mẹ́tàlélógún," ni mo wí.

Mo lọ ṣí yàrá ìwé.

Ìwé orin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló rin gbingbin. Mo kó wọn sórí tábìlì. Mo mú áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ àwọn akọrin, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ya aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí méjì. Bí a ti ń gbẹ ìwé nìyẹn: aṣọ kan lábẹ́ ojú ewé, aṣọ kan lókè, a ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, a kò ní wọ́ ọ, a ó tún gbé e kúrò. Bí a bá wọ́ ọ, ìwé á ya. N kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwé tèmi wọ omi òjò rí lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní òmíràn.

Ní aago mẹ́sàn-án, àbúrò mi parí lílẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ nu ọwọ́, ó wá dúró lẹ́bàá tábìlì.

"Di aago mẹ́sàn-án alẹ́," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ọ̀la ní ìdájí ni màá tó da omi sí i. Mo ti búra."

"Má búra. Di ìwé yìí mú fún mi."

Ó jókòó, ó ń ṣí ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ńlá rẹ̀ ń ṣe jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Ẹ mọ ọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Sípánà Kékeré?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo sáré lọ sílé wọn. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, pé bó bá ti gbàgbọ́ dáadáa, ní ọjọ́ kẹjọ obìnrin náà á dìde. Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ó gbààwẹ̀. Obìnrin náà ò dìde. Ó ṣì wà lórí ibùsùn di báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ò kí mi mọ́. Ó ní mo ti sọ fóun pé òun ló fà á, pé ìgbàgbọ́ òun ló kéré." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àbí mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìwé. Mo sọ fún un nípa àpọ́sítélì kan tó ní ohun kan tó ń gún un lára bí ẹ̀gún. Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kó mú un kúrò, Olúwa kò mú un kúrò, ó kàn ní oore-ọ̀fẹ́ òun tó fún un. Àpọ́sítélì gidi ni, kì í ṣe ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré.

"Ó wà nínú Ìwé?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

Mo fi hàn án. Ó kà á, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ká ní mo ti mọ̀ ni," ó wí, "ǹ bá má sọ nǹkan kan. Ǹ bá kàn jókòó tì í. Mo mọ ìjókòó, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè jókòó ti èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Lọ jókòó tì í ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ò ní bá mi lọ?"

"Màá bá ọ lọ."

A gbẹ ìwé mẹ́rin sí i. Inú mi ń sọ fún mi pé mo jàre, pé wò ó, ohun tí àìmọ̀ ń dá sílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ síta. Ló bá tún béèrè.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ̀yin wọ omi ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ fún un. Mo ní ọdún kọkàndínlógún nìyí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní. Mo ní èmi ni mo ṣìkẹta lórí ìlà. Omi náà tutù débi pé ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Aṣọ tí mo mú wá fún pípààrọ̀ ti bọ́ sínú omi, nítorí náà mo fi èyí tó tutù rìn lọ sílé, ìrìn ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Mo wú ikọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó ń wò mí bí ẹni pé mo ka ohun tí wọ́n kọ sára gọ́ọ̀mù fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ti òtútù. Inú yín ńkọ́? Ṣé inú yín dùn?"

Mo da áyọ́ọ̀nù dúró. N kò mọ ìgbà tí ẹnì kan ti bi mí kẹ́yìn ní ìbéèrè tí n kò ní èsì rẹ̀ nílẹ̀. Mo wá a. Ó gba àkókò kí n tó rí i, torí pé abẹ́ òtútù àti ikọ́ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

"Mo rẹ́rìn-ín," ni mo wí.

"Hẹ̀n?"

"Nígbà tí wọ́n gbé mi jáde nínú omi. Ẹ̀rín kan ṣàdédé ta lẹ́nu mi. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Díákónì àgbà wò mí bákan, mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu."

Àbúrò mi dìde dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nínú omi! Ẹ̀yin!" Ó lu tábìlì, ìwé orin méjì bọ́ sílẹ̀. "Tíṣà! Ẹni tó jẹ́ pé a ní láti kọ ìwé béèrè kí ẹ tó feyín hàn wá!"

"Jókòó, ìwọ ọkùnrin yìí. O ti tún fẹ́ da omi sí wọn."

Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ọkọ mi tó ti kú kò gbọ́ ọ.

Ìwé ìlànà ìjọ wa béèrè ohun mẹ́ta péré lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi: ẹni tí onítọ̀hún gbà gbọ́, ohun tó ń fi sílẹ̀, àti ìdí tó fi ń bọ̀. Ojú ewé kọkànlá ni. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Méjì àkọ́kọ́ wà nínú ìbéèrè mi, mo ti là á sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kànlá, n kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kẹta, torí n kò mọ iye máàkì tó yẹ kí n fún un.

"Kí ló dé tó o fi fẹ́ ṣe ìrìbọmi?" ni mo bi àbúrò mi.

"Ṣé ìdánwò ni?"

"Ṣáà dáhùn."

Ó tún jókòó. "Mo wà lábẹ́ síńkì," ó wí. "Ilé màmá àgbà kan ni, páìpù rẹ̀ bẹ́. Orí mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, inú ń bí mi, mò ń ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Màmá yẹn rò pé mi ò gbọ́ òun. Ó ń gbàdúrà. Ó ní, 'Olúwa, ọmọ tó wà lábẹ́ síńkì mi yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kó forí gbá páìpù.' Mo bá gbọ́nrí, mo forí gbá páìpù."

Mo bo ẹnu.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, kò sí nǹkan. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò lè jáde lábẹ́ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, omi ń kán sí mi lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi gan-an ò mọ̀. Ṣùgbọ́n màmá yẹn ti ń bá Ẹnì kan sọ ọ́, Ẹni náà sì ń gbọ́. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé Ó ń gbọ́, èmi náà á lọ síbi tó wà. Ìyẹn náà ni. Mi ò mọ àwọn mẹ́ta tó kù yẹn. Màá kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Òun, mo mọ̀ ọ́n."

Mo yọ okùn áyọ́ọ̀nù. Mo ní kó máa ṣí ìwé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, mo ń bọ̀.

Pásítọ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń fá pákó pèpéle tó ti wú. Mo dúró títí ó fi gbójú sókè.

"Pásítọ̀, mo fẹ́ yí ohun tí mo kọ padà."

"Ti àbúrò yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe torí pé àbúrò mi ni. Àwọn mẹ́rin ti ọdún tó kọjá náà, mo fẹ́ lọ kí wọn nílé wọn. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n."

Ó fẹ́ eruku pákó kúrò. "Ìbéèrè mọ́kànlélógójì wá ńkọ́?"

"Ó dára gbogbo rẹ̀," ni mo wí, torí pé ó dára. "Mi ò ní jù ú nù. Lẹ́yìn omi ni màá máa kọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Mo fi sí ibi tí kò yẹ ni."

"Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí, Tíṣà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín. Mo ní ó ti gùn díẹ̀ sí i." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ó yẹ kí n sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ ìwé yín ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo bá a di pákó náà mú títí ó fi fá a tán.

Nígbà tí mo padà dé, mo kàn sọ fún àbúrò mi pé kó mú aṣọ méjì wá lọ́la, pé kó má fi èkejì sí etí omi. Ó kọ́kọ́ wò mí. Mo ti gbára dì fún ariwo, mo tilẹ̀ ti sún àwọn ìwé sẹ́yìn. Kò pariwo. Ó fi orí lé tábìlì láàárín àwọn ìwé orin, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. A kì í ṣe ìdílé tó ń fọwọ́ kan ara wa. N kò yára gbé e kúrò.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìsinmi, ó da omi sí adágún. Rọ́bà náà dúró, kò sí ẹ̀kán kan tó jò. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wọlé, ó wọlé jẹ́jẹ́, ó sì jáde jẹ́jẹ́, omi ojú rẹ̀ nìkan la rí. Lẹ́yìn náà ló kan àbúrò mi. Àwọn ọmọdé ti fi ọwọ́ di etí, wọ́n ń retí rẹ̀. Pásítọ̀ rì í, ó gbé e jáde. Ó dúró sínú omi dé àyà, ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sì sí ohùn kankan tó jáde.

Ló bá di pé obìnrin kan ké ní iwájú, ó ní, "Olúwa, a dúpẹ́ o!" Ohùn náà lọ kan òrùlé, ó padà wá. Ìyàwó àbúrò mi yíjú sí mi, ẹnu yà á. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé èmi ni.

N kò fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ lé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omi ń kán lára rẹ̀, mo na aṣọ ìnura sí i. Ó gbà á, ó bò ó mọ́ orí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni?"

"Nígbà tí Jésù jáde nínú odò yẹn, ta ló fún un ní aṣọ tó fi nura?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Mo wá a lọ wá a bọ̀ nínú orí mi, nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ìtàn náà.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Wọn ò kọ ọ́."

"Wọn ò kọ ọ́? Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan fún un. Òtútù á mú un."

"Bóyá oòrùn mú."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ kàn ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí i ká wò ó."

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì tó tutù, mo ṣí ìwé náà sórí orúnkún mi, a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ odò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní àwọn èèyàn ń dúró láti kí wa.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, ní kí wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ni mo wí.

Márùndínlọ́gbọ̀n la lò.